Ṣé o mọ̀ pé ọkọ̀ tó ń rún ló ń gba ẹ̀mí là?

Bí o bá dúró létí títì ní Ṣábẹ, lórílẹ̀-èdè Benin, lójú ọ̀nà tó ti Kútọnu lọ sí Parakou, tí àwọn òkè olókùúta ìlú náà wà lẹ́yìn rẹ, o ṣì lè bá Peugeot 404 akẹ́rù kan pàdé. Tapólì ni wọ́n fi bo ẹ̀yìn rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn tó gbọ́ Faransé fi ń pè é ní bâchée. Iṣu á kún inú rẹ̀, èèyàn á jókòó lórí iṣu, wáyà ni wọ́n á sì fi so ilẹ̀kùn kan. Ẹni tó ń wà á á sọ fún ọ, bó o bi í bó ò bi í, pé irin ni wọ́n fi ṣe ọkọ̀ ayé àtijọ́, pé agolo mílíìkì ni wọ́n fi ń ṣe ti òde òní. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe irọ́ tán. Kì í sì í ṣe òótọ́ tán.

Ṣé o mọ̀ pé 404 yìí, tó jáde ní 1960, gba ipò kìíní lẹ́ẹ̀mẹrin nínú eré ìje Safari ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, ní 1963, 1966, 1967 àti 1968? Inú ẹrẹ̀ àti eruku ni wọ́n ti ń sá eré yẹn. Ṣùgbọ́n ohun tó wú mi lórí jù wà nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ṣìlíńdà ibẹ̀ kò lẹ̀ mọ́ odindi irin. Ó dá dúró bí ife tí a kì bọ inú ihò, omi sì yí i ká. Bó bá jẹ, mẹkáníìkì á fà á yọ, á ki tuntun bọ̀ ọ́. Kò sí pé à ń gbé odindi ẹ́ńjìnnì lọ sọ́dọ̀ onímáṣíìnì tí yóò gbẹ́ ẹ. Abẹ́ igi lèèyàn ti lè ṣe é. Àbúrò rẹ̀, 504, dé ní 1968, 1975 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Kàdúná, ní Nàìjíríà. 504 tó gùn, tí wọ́n fi ń kó èrò káàkiri, ní sípíríǹgì mẹ́rin lẹ́yìn: méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì. Ẹni tó yà á ti rò ó pé ẹrù ń bọ̀.

Wàyí o, gbọ́ èyí. Ní 2009, àjọ IIHS tó ń dán ọkọ̀ wò ní Amẹ́ríkà fi Chevrolet méjì kọlu ara wọn: Bel Air ti 1959 àti Malibu ti 2009. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sá kìlómítà 64 ní wákàtí kan. Ká ní awakọ̀ wa oníṣu wà níbẹ̀, Bel Air ni ì bá gbè. Ère ni wọ́n gbé jókòó sínú àwọn ọkọ̀ náà. Nínú Bel Air, sitiárín padà sẹ́yìn wá bá ère, ibi ìjókòó sì wó lé e lórí. Iwájú Malibu rún wómúwómú, àmọ́ ibi tí awakọ̀ wà kò yẹsẹ̀; bó bá jẹ́ èèyàn ni, ẹsẹ̀ nìkan ni ì bá fi ṣèṣe díẹ̀.

Agbára ìkọlù kì í dédé pòórá. Bí irin iwájú ò bá gbà á, àyà èèyàn ni yóò gbà á. Béla Barényi, onímọ̀ ẹ̀rọ ní Mercedes-Benz, ló kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe ọkọ̀: iwájú àti ẹ̀yìn tó ń rún, àárín tó le. 1959 ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde. Ọdún yẹn kan náà ni Nils Bohlin ti Volvo gbé bẹ́líìtì tó ń gba èjìká àti ìbàdí jáde, Volvo sì jẹ́ kí gbogbo ayé lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ọdún yẹn náà ni wọ́n ṣe Bel Air tó fọ́ yìí, láìní ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Torí náà, bí panẹbítà bá pòṣé sí iwájú ọkọ̀ tuntun tó rún, ẹ jẹ́ kó pòṣé. Ṣùgbọ́n kó mọ̀ pé ibi tó ti rún lẹ́ẹ̀kan, tó fi òòlù nà, kì í rún bó ṣe yẹ mọ́ lọ́jọ́ kejì.

Ṣé o mọ̀ pé nọ́ḿbà márùn-ún péré ló wà lójú aago tó ń ka ìrìn ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́? Bó bá dé máìlì 99,999, yóò padà sí òdo. Àfi bí ẹni pé àwọn tó ṣe é gan-an ò retí pé yóò jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lónìí, ọkọ̀ tó ń rìn ní Amẹ́ríkà ti lé ní ọdún 12 ní ìpíndọ́gba. 1985 ni Audi bẹ̀rẹ̀ sí í fi síǹkì bo gbogbo irin ara Audi 100 kí ìpáta má baà jẹ ẹ́. Ní ti kí ọkọ̀ pẹ́, ti tuntun ló borí.

Ibi àtúnṣe ni ẹjọ́ ti yí padà. Mo ti rí ọ̀gá mẹkáníìkì tó ki ìdí sukurudíráfà gígùn mọ́ etí, tó fi ṣónṣó irin rẹ̀ kan ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́, tó di ojú, tó sì nawọ́ sí ibi tó ń dún. Bí táǹkì epo bá lu, ọṣẹ ni wọ́n ń fi dí i, torí epo bẹntiróòlù kì í yọ́ ọṣẹ. Bí ìdọ̀tí bá wọ kabúrétọ̀, wọ́n á tú u, wọ́n á fi ẹnu fẹ́ ẹ, ó parí.

Ọkọ̀ òde òní ò gba ẹnu fífẹ́. Ihò tí epo ń gbà tú jáde níbẹ̀ tín-ín-rín bí irun, kpayo, ìyẹn epo fàyàwọ́ inú ìgò tí wọ́n ń tà létí títì, sì lè gbé pàǹtí wọ̀ ọ́. Ṣé o tilẹ̀ mọ̀ pé epo tó wà nínú táǹkì ló ń tu ẹ̀rọ tó ń fa epo lára? Inú táǹkì níbẹ̀ ló ń gbé. Ẹni tó ń ra lítà kan, lítà méjì, tí iná epo kì í kú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀, ẹ̀rọ yẹn ló ń yan gbẹ. Lẹ́yìn náà á ní ọkọ̀ tuntun ò lágbára.

Àmọ́ ọkọ̀ yẹn ń sọ̀rọ̀ o. Láti 1996 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí ọkọ̀ tuntun ní ojú ìkìbọ̀ oníhò 16 lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Yúróòpù ṣe tiwọn fún ọkọ̀ bẹntiróòlù ní 2001. Ẹ̀rọ kékeré kan àti fóònù ti tó láti ka àìsàn tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kọ sílẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tó bá mọ èyí, tó tún mọ sukurudíráfà ọ̀gá rẹ̀, kò ní wá oníbàárà tì ní Ṣábẹ.

Bó o bá sì ń lọ ra Tòkunbọ̀ ní Kútọnu, kó o tó mẹ́nu ba owó, ṣí kọ́kọ́rọ́ láì tíì sítáàtì ẹ́ńjìnnì, kó o sì wo iná éábáàgì. Ó yẹ kó tàn, kó sì kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bí kò bá tàn rárá, ó ṣeé ṣe kí éábáàgì náà ti bẹ́ lọ́hùn-ún, kí ẹnì kan sì ti yọ gílóòbù rẹ̀. Fi kọ́kọ́rọ́ lé olówó rẹ̀ lọ́wọ́, kó o wo òmíràn.