Àwọn tó ń tú ìwé báńkì wò

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2009, CBN, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà, yọ ọ̀gá báńkì márùn-ún nípò lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá, wọ́n ti pé mẹ́jọ, ₦620 bílíọ̀nù ni CBN sì kó sínú àwọn báńkì tó wà nínú ewu kí wọ́n má baà wó. Orúkọ gómìnà rẹ̀ nígbà náà, Sanusi Lamido Sanusi, ló gbòde kan. Àmọ́ àwọn tó tú àṣírí náà gan-an, àwọn aṣàyẹ̀wò CBN àti ti NDIC, àjọ tó ń dáàbò bo owó tí aráàlú fi sí báńkì, ta ló mọ̀ wọ́n?

Fáìlì àwọn tó yáwó ni iṣẹ́ wọn. Ta ló gba owó yìí? Kí ló fi ṣe ìdógò? Ìgbà wo ló san èlé kẹ́yìn? Gbèsè tí èlé rẹ̀ kò bá wọlé fún àádọ́rùn-ún ọjọ́, báńkì gbọ́dọ̀ kà á sí èyí tó bàjẹ́, kí wọ́n sì yọ owó sọ́tọ̀ fún un látinú èrè. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn báńkì ti máa ń fẹ́ purọ́.

Lọ́dún 2009, àwọn aṣàyẹ̀wò rí i pé àwọn báńkì kan ti yá àwọn èèyàn lówó láti fi ra ṣíà, nígbà mìíràn ṣíà báńkì ọ̀hún fúnra rẹ̀! Òṣùwọ̀n ọjà ṣíà Èkó sì ti já láti orí 66,000 wá sí nǹkan bí 20,000 láàárín ọdún kan.

Àwọn báńkì tún ní ọgbọ́n mìíràn. Oṣù tó wu báńkì kálukú ló fi ń parí ọdún ìṣirò rẹ̀, nítorí náà báńkì kan á yá èkejì lówó kí ìwé rẹ̀ lè dùn ún wò, tó bá sì kan òun náà, wọ́n á san oore fún un. Ṣòkòtò àgbàbọ̀ ni, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ òde, ta ló ń wo ibi tó ti fún ni? CBN wá pàṣẹ pé December 31 ni kí gbogbo wọn máa parí ọdún. Lójú tèmi, àṣẹ yìí ṣiṣẹ́ ju ọ̀gá tí wọ́n lé lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pariwo.

Síbẹ̀, báńkì ṣì ń kú. Ní June 3, 2024, CBN gba ìwé àṣẹ Heritage Bank. Oṣù kan ṣáájú ni NDIC ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé owó tó pọ̀ jù tó ń dá padà fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan tí báńkì bá kú láti ₦500,000 sí ₦5 mílíọ̀nù. Nọ́ńbà BVN, tí wọ́n fi ń dá oníbàárà mọ̀ ní gbogbo báńkì, ni wọ́n fi wá àkáǹtì tó ní ní báńkì mìíràn, tí wọ́n san án sí. Ẹni tí tirẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ ní láti dúró de ìyókù dìgbà tí NDIC bá ta dúkìá báńkì náà, tó sì gba owó lọ́wọ́ àwọn tó jẹ ẹ́ ní gbèsè.