Ilé Orí Òkè L'Ábẹ́òkúta: Kí Ni Olówó Ń Rà Gan-an?

Ìpolówó ilé olówó ńlá ní ohùn tirẹ̀. L'Ékòó, ọ̀rọ̀ òkun ni wọ́n fi ń ṣí i: ẹ óò máa wo ìgbì láti orí bẹ́ẹ̀dì, atẹ́gùn òkun kò sì ní jẹ́ kí ẹ rántí fáànù. L'Ábẹ́òkúta, tí kò bá òkun pààlà, orí òkè ló gba ipò yẹn. Ẹni tó ń tà á yóò ní láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, ẹ óò rí àpáta Olúmọ, ẹ óò rí òrùlé páànù tó ti dípẹtà láti Ìtòkú títí dé Aké, bí òjò bá sì dá, ẹ óò rí odò Ògùn. Kì í ṣe irọ́. Àmọ́ ìpolówó kì í sọ bí àpáta ṣe ń jẹ owó, kì í sì í sọ ohun tí òfin ka ẹni tó sanwó sí pé ó rà.

Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó síbẹ̀ ní nǹkan bí 1830, tí Ṣódẹkẹ́ ṣáájú wọn, ìran wíwò kọ́ ló gbé wọn dé òkè. Ogun ló lé wọn kúrò nínú igbó Ẹ̀gbá, abẹ́ àpáta Olúmọ sì ni wọ́n sá sí. Orí àpáta náà ga tó mítà 137 ju ojú òkun lọ. Ẹni tó wà níbẹ̀ yóò ti rí ọ̀tá tipẹ́ kí ọ̀tá tó mọ̀ pé wọ́n ń wo òun. Àwọn ọmọ ogun Dahomey wá lẹ́ẹ̀mejì, ní 1851 àti ní 1864, ọwọ́ òfo ni wọ́n sì bá padà lọ.

Ayé òyìnbó ni òkè di ibi ìgbádùn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn ń sá fún ibà àti ariwo ọjà, nítorí náà ibi gíga tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ ni wọ́n máa ń kọ́lé wọn sí. Irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ni GRA Ìbarà. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì 1976, tí Abẹ́òkúta di olú ìlú, ọ́fíìsì ìjọba bọ́ sí Òkè-Mọ́sàn, kọngílá àti ọ̀gá òṣìṣẹ́ sì tẹ̀ lé wọn gun òkè.

Èyí tí Nàìjíríà mọ̀ jù nínú àwọn ilé wọ̀nyí ni ti Olóyè Olusegun Obasanjo. Àwọn oníròyìn kì í yọ ara wọn lẹ́nu pẹ̀lú àdírẹ́sì: Hilltop ni wọ́n ń kọ, ó tán. Olóṣèlú tó bá sì ń du ipò, bópẹ́ bóyá, yóò wa mọ́tò gun òkè yẹn lọ kí baba. Ilé ìkàwé ààrẹ tí baba náà dá sílẹ̀ ní Òkè-Mọ́sàn, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹta 2017, ní musíọ́mù, ilé ìtura àti ibi ìgbafẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wole Soyinka ní tiẹ̀ kò wá ibi tí ayé yóò ti máa rí òun. Inú igbó ní agbègbè Ìdí-Àbà ló kọ́lé sí, igi ló sì yí i ká. Ọlá ni méjèèjì. Ọ̀kan fẹ́ kí ojú rí òun, èkejì kò fẹ́.

Kí ló dé tí olówó Èkó fi lè bojú wo òkè Ẹ̀gbá? Ìdí kan ni pé òkun kò ṣe é bá dúnàádúrà. Kí ọkọ̀ ńlá lè rọ́nà wọ ọ̀sà, ìjọba amúnisìn fi òkúta mọ ògiri gígùn wọ inú òkun lẹ́nu èbúté Èkó láàárín 1908 sí 1912. Iyanrìn tí ìgbì ń kó láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn bá ń dúró lẹ́yìn ògiri náà. Apá ibi tó dúró sí ń fẹ̀ sí i, Bar Beach tí iyanrìn kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́ sì ń dínkù lọ́dọọdún, títí omi fi ń ya wọ títì Ahmadu Bello. Láti dá omi yẹn dúró, tí wọ́n á sì tún rí ilẹ̀ tà, ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ Eko Atlantic ní nǹkan bí 2009: wọ́n ń fa iyanrìn kún inú òkun, wọ́n sì ń mọ ògiri òkúta tí wọ́n ṣètò pé yóò gùn tó kìlómítà 8.5. Ní 2024, ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ló dé. Ọ̀nà etíkun tó ń lọ láti Èkó sí Calabar gba ẹ̀bá òkun kọjá, katapílà sì wó àwọn ibi ìgbafẹ́ ní Victoria Island, títí kan apá kan etíkun Landmark.

Ọkọ̀ ojú irin náà kún un. Láti 2021 ni èyí tó ń lọ láti Èkó sí Ìbàdàn ti ń gbé èrò, ó sì ń dúró ní Ládérìn, ní ibùdókọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Soyinka pè. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà l'Ékòó lè wá máa ronú pé òun yóò sùn l'Ábẹ́òkúta.

Ó kù kí ó kọ́ ilé náà o. Lóòótọ́, lórí àpáta, ìpìlẹ̀ kò ní rì bíi ti ẹrẹ̀ Lẹ́kí. Wàhálà ibẹ̀ ni kí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Àwọn afọ́kùúta ìlú yìí mọ ọgbọ́n àtijọ́ kan: wọ́n á dáná sórí àpáta títí yóò fi gbóná tí yóò sì sán, kí wọ́n tó fi òòlù ńlá tú u. Ọjọ́ gbáko ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń gbà, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń sanwó rẹ̀. Òkúta tó bá jáde kò ṣòfò, ìpìlẹ̀ ló ń bá lọ, ó ṣe tán ọ̀nà Ọ̀dẹ́dá kún fún ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta tà. Nítorí pé ilẹ̀ dà gẹ̀rẹ́, ògiri tí yóò gba erùpẹ̀ dúró di dandan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òjò oṣù Kẹsàn-án yóò kó ọgbà náà lọ fún aládùúgbò ìsàlẹ̀.

Omi ló le jù. Nínú ilẹ̀ olókùúta bíi ti Abẹ́òkúta, omi kì í sí nínú àpáta fúnra rẹ̀. Inú erùpẹ̀ àti òkúta jíjẹrà tó bo àpáta ló ń gbé, àti nínú ojú ibi tí àpáta ti là. Lórí òkè, erùpẹ̀ yẹn kì í nípọn, omi tó bá sì rọ̀ ń ṣàn lọ sísàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí aládùúgbò méjì fi lè gbẹ́ kànga-dẹ̀rọ, tí ọ̀kan rí omi, tí èkejì rí eruku. Nínú ìpolówó, ṣe ni wọ́n á kàn kọ pé omi wà. Kí ẹni tó fẹ́ rà á béèrè bóyá nínú ilẹ̀ ló ti ń wá tàbí nínú ọkọ̀ táńkà.

Ọ̀rọ̀ òfin ló wá kàn, ibẹ̀ ni ìtàn yìí sì ti padà sọ́dọ̀ baba orí òkè. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta 1978, nígbà tí Obasanjo jẹ́ olórí ìjọba ológun, ló gbé Òfin Lílo Ilẹ̀ jáde. Òfin náà fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, kí ó máa tọ́jú rẹ̀ fún ará ìlú. Ohun tí ẹni tó ra ilé rí gbà ni ẹ̀tọ́ láti wà lórí ilẹ̀, ìwé tí wọ́n ń pè ní C of O sì ni ẹ̀rí rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ tà á tàbí kí ó fi yáwó ní báńkì, àfi kí gómìnà fọwọ́ sí i. Ní 1989, nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ dá a pé ìdógò tí wọ́n ṣe láìgba ìyọ̀ǹda gómìnà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tó jẹ báńkì lówó ló jàre. Ẹnu ya ọ̀pọ̀ èèyàn.

Òfin kan náà sọ pé ìjọba lè gba ilẹ̀ padà fún ànfààní ará ìlú. Wọ́n á san owó ilé, lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ iye tí ọjọ́ ti jẹ nínú rẹ̀. Ní ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀, owó ilẹ̀ tí onítọ̀hún san fún ìjọba lọ́dún yẹn ni wọ́n á dá padà. Atẹ́gùn, Olúmọ tó ń yọ lókèèrè, odò lẹ́yìn òjò, gbogbo ohun tó sọ owó ilé náà di gọbọi, kò sí èyíkéyìí nínú ìṣirò náà.

Kí ọ̀rọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ gómìnà rárá, ẹbí tó ni ilẹ̀ wà níbẹ̀. Láti ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ní 1959 ni kóòtù ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé bí ọmọ ẹbí bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, títà náà kò wáyé. Bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìfi tó àwọn àgbà ẹbí yòókù létí, wọ́n lè pè é lẹ́jọ́ kí kóòtù fagi lé e. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ọmọ onílẹ̀ yóò wá gba owó ìpìlẹ̀, owó dẹ́kìn àti owó òrùlé. Òfin tí Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe ní 2016 sọ fífi agbára gba ilẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ ńlá, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ṣì ń san àwọn owó wọ̀nyí kí bíríkìlà wọn lè ráyè ṣiṣẹ́.

Nítorí náà lọ́yà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ mú ìwé sọfé lọ sí Òkè-Mọ́sàn, kí wọ́n wò ó bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Yóò wá wo ọjọ́ tó wà lórí C of O. Ọdún 99 ni wọ́n sábà ń fún èèyàn, ọjọ́ tí ìwé náà bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń kà á, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹni tuntun rà á. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1980 yóò parí ní 2079. Òfin 1978 kò sì sọ bí wọn yóò ṣe tún un ṣe nígbà yẹn, tàbí iye tí àwọn ọmọ onílé náà yóò san.