Owó Ìwòsàn Kí Àìsàn Tó Dé

Nígbà tí iná jó Ọjà Akẹ̀sán ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, gbogbo ìlú Ọ̀yọ́ ló rí i, ìjọba ìpínlẹ̀ sì tún ọjà náà kọ́. Ṣùgbọ́n bí àìsàn bá jó owó òwò ẹnì kan ní ìsọ̀ rẹ̀, òun àti ará ilé rẹ̀ nìkan ló ń mọ̀. Àwa tí à ń yẹ ìwé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wò máa ń bá a pàdé nínú ìwé ẹ̀yáwó: "ọjà rírà" ni wọ́n kọ síbẹ̀, ilé ìwòsàn ni owó náà gbà lọ. Kò pẹ́, oníduuró ni yóò máa san án.

Àwọn àgbà inú wa rántí pé láàárín 1979 sí 1983, ìwòsàn ọ̀fẹ́ wà lára ètò ìjọba Bọ́lá Ìgè ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Nígbà tí owó epo já wálẹ̀, àpò ìjọba gbẹ. Ní 1987, Báńkì Àgbáyé gbé ìwé jáde tó dámọ̀ràn pé kí àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó máa gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá wá gba ìtọ́jú. Lọ́dún náà gan-an, àwọn mínísítà ìlera ilẹ̀ Áfíríkà pàdé ní Bàmákò ní ilẹ̀ Málì, wọ́n sì fọwọ́ sí i pé kí ará ìlú máa ra oògùn ní ilé ìwòsàn àdúgbò, kí owó rẹ̀ lè ra òmíràn. Ètò náà mú oògùn padà dé ibi púpọ̀, a kò lè purọ́ mọ́ ọn. Àléébù rẹ̀ ni pé ọjọ́ tí ènìyàn kò lè dé ọjà gan-an ni wọ́n ń béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú N100 tí à ń ná sí ìwòsàn ní Nàìjíríà, ó lé ní N70 tó ń ti àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ jáde.

Ohun tí àwọn olùwádìí wá ń tẹnu mọ́ ni pé kí a san owó nígbà tí ara le, kí a sì dà á pọ̀. Èyí ni adójútòfò ìlera. Gánà ṣòfin tirẹ̀ ní 2003, wọ́n sì fi owó orí ọjà kún un.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Ká ní ẹgbẹ́ kan ní ọmọ ẹgbẹ́ 100, tí márùn-ún sì ṣàìsàn lọ́dún, tí ìtọ́jú ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ N100,000. Bí gbogbo wọn bá dá a, N5,000 ló kan olúkúlùkù. Bí ó bá jẹ́ ogún ènìyàn tí ara ń fu nìkan ló wọlé, tí àwọn márùn-ún náà sì wà nínú wọn, ó di N25,000. Lọ́dún kejì, àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ara wọn le yóò bínú jáde, á sì ku aláìsàn márùn-ún, olúkúlùkù pẹ̀lú N100,000 rẹ̀.

Èyí kì í ṣe èsúsú. Ẹni tí kò ṣàìsàn kò ní gba nǹkan padà, ibẹ̀ ni inú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa kì í ti í dùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yáwó ń fi gbèsè lé aláìsàn lórí. Adójútòfò kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Òfin àpapọ̀ ti ọdún 2022 sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì ní àjọ tirẹ̀, OYSHIA. Ṣùgbọ́n òfin kò lè wọ ìsọ̀ lọ gba owó lọ́wọ́ aláta. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lè gbà á. Ó kúkú ń gba owó ìfipamọ́ lóṣooṣù. A kò gba ẹgbẹ́ kankan, ìbáà jẹ́ l'Ákẹ̀sán tàbí l'Ógbómọ̀ṣọ́, nímọ̀ràn pé kó dá adójútòfò tirẹ̀ sílẹ̀: iṣẹ́ abẹ ńlá méjì péré lè gbé àpò ènìyàn 100 gbẹ. Kí gbogbo ẹgbẹ́ forúkọ sílẹ̀ pọ̀, kí akápò má sì da owó yìí pọ̀ mọ́ owó ìfipamọ́ tàbí ìpín ìdókòwò.

Kí ìgbìmọ̀ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àjọ náà: ilé ìwòsàn wo nítòsí wa ló wà nínú ètò náà? Àìsàn wo ni kò sí níbẹ̀? Lẹ́yìn tí a bá san owó, ọjọ́ mélòó ni yóò gbà kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́? Bí wọ́n bá dá wa padà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn, ta ni ká lọ bá? Kí akọ̀wé kọ ìdáhùn sílẹ̀, kó sì kà á sí ìpàdé gbogboogbò létí kí ẹnikẹ́ni tó san kọ́bọ̀.