Ta Ló Ń Ṣọ́ Owó Ìfẹ̀yìntì Wa?

Bí Yorùbá bá ní ẹnì kan fẹ̀yìn tì, ohun kan wà tí ó fẹ̀yìn tì: ògiri ni, òpó ni, tàbí ìdí igi. Kò sí ẹni tí í fẹ̀yìn ti afẹ́fẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí náà ni a mú fún òṣìṣẹ́ tó ti fi ọdún 35 ṣiṣẹ́, tó wá dé ilé. A ní ó ti fẹ̀yìn tì. Ìbéèrè tiwa lọ́sẹ̀ yìí ni pé, ta ló mọ ògiri tó fẹ̀yìn tì ọ̀hún? Ta ló ń ṣọ́ ọ? Báwo sì ni ìdílé kan ṣe lè yẹ̀ ẹ́ wò kó tó di pé wọ́n gbára lé e?

Àwọn àgbà tó ń ka ìwé ìròyìn wa kò ní gbàgbé bí nǹkan ṣe rí ṣáájú ọdún 2004. Inú àpò tí ìjọba fi ń ṣe ohun gbogbo náà ni wọ́n ti ń san pẹ́ńṣàn. Kò sí owó kankan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Bí owó bá wọlé, wọ́n á san. Bí kò bá wọlé, ó di ọdún tó ń bọ̀. Àwọn bàbá àti ìyá tí orúnkún ti ń dùn yóò gbéra láti abúlé lọ tò sórí ìlà, kí wọ́n lè fi hàn pé àwọn ṣì wà láàyè. Àwọn kan dákú sórí ìlà yẹn, àwọn mìíràn kò sì padà délé. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni ní tiwọn wà lábẹ́ National Provident Fund tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1961, èyí tó di NSITF ní 1993, ṣùgbọ́n ohun tó ń jáde níbẹ̀ kò tó nǹkan.

Ìgbà náà ni ìjọba Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé ìgbìmọ̀ kan dìde, wọ́n sì fi Fọlá Adéọlá, ọ̀kan nínú àwọn tó dá GTBank sílẹ̀, ṣe alága rẹ̀. Orílẹ̀-èdè Chile ni wọ́n wò ṣe àwòkọ́ṣe, nítorí pé láti 1981 ni àwọn ará ibẹ̀ ti fi owó ìfẹ̀yìntì sínú àkáǹtì oníkálukú dípò àpò ìjọba. Òfin jáde ní oṣù kẹfà 2004, wọ́n sì dá àjọ PenCom sílẹ̀ láti máa mójú tó o. M. K. Ahmad ni ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́ níbẹ̀, Adéọlá sì ni alága àkọ́kọ́. Ní oṣù keje 2014, Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lu òfin tuntun tó rọ́pò ti àkọ́kọ́. Òun là ń lò títí di òní.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ alájọ ti mọ ìdajì ètò yìí. Alájọ a máa gba owó lójoojúmọ́, a máa fi àmì sínú káàdì, owó ọjọ́ kan nínú oṣù a sì jẹ́ tirẹ̀. Wàhálà alájọ kò ju ẹyọ kan lọ: òun náà ló ń gba owó, òun náà ló ń kọ ọ́ sílẹ̀, òun náà ló sì ń tọ́jú rẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá sá lọ, ohun gbogbo bá a lọ.

Ohun tí àwọn tó gbé ètò pẹ́ńṣàn kalẹ̀ ṣe ni pé wọ́n pín iṣẹ́ alájọ sí mẹ́ta. Ilé-iṣẹ́ tí ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní PFA, ló ń pinnu ibi tí owó yín yóò ti lọ ṣòwò, òun ló sì ń kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Àmọ́ òfin kò gbà á láyè kí ó fọwọ́ kan owó náà. Ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn, PFC, ni owó wà; àwọn wọ̀nyí kò pọ̀, àwọn báǹkì ńlá bíi First Bank, Zenith àti UBA ló sì dá wọn sílẹ̀. PenCom wá ń ṣọ́ àwọn méjèèjì. Ní tiwa, ọgbọ́n tó dára jù nínú gbogbo ètò náà nìyí. A lè bínú sí PenCom lórí ọ̀pọ̀ nǹkan, ṣùgbọ́n ti pé kí ọwọ́ tó ń kọ̀wé má jẹ́ ọwọ́ tó ń di àpò mú, ẹ jẹ́ ká gbóríyìn fún un. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ètò àtijọ́: ní 2013, òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó jẹ́wọ́ nílé ẹjọ́ pé òun wà lára àwọn tó kó owó pẹ́ńṣàn ọlọ́pàá jẹ fi ₦750,000 gba ara rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, kó tó di pé ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́fà ní 2018.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Bí owó oṣù ẹnì kan, pẹ̀lú owó ilé àti owó ọkọ̀ rẹ̀, bá jẹ́ ₦100,000, òfin ní kí wọ́n yọ ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán, kí agbanisíṣẹ́ sì fi ìdá 10 kún un láti àpò tirẹ̀. Ó di ₦18,000 lóṣù. Ilé-iṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kò lè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti san owó oṣù, ọjọ́ iṣẹ́ méje péré ni agbanisíṣẹ́ ní láti fi owó náà ránṣẹ́. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, owó ìtanràn ń gorí rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ dín sí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a óò padà síbẹ̀.

Nígbà tí yóò fi di 2024, gbogbo owó tó wà nínú ètò yìí ti ju ₦20 tírílíọ̀nù lọ, àkáǹtì tó wà níbẹ̀ sì ti ju mílíọ̀nù 10. Àwọn wo ló wá ń pinnu ohun tí wọ́n ń fi owó tó tó báyìí ṣe? Àwọn olùdókòwò kan wà nínú PFA kọ̀ọ̀kan tí iṣẹ́ wọn kò ju pé kí wọ́n ra ìwé gbèsè ìjọba, kí wọ́n ra ṣíà, kí wọ́n fi owó sí báǹkì, kí wọ́n sì mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n tà. Àwọn kan tún wà tí òyìnbó ń pè ní actuary. A ti wá orúkọ fún wọn ní Yorùbá, a kò rí èyí tó tẹ́ wa lọ́rùn. Iṣẹ́ wọn ni láti ṣírò iye ọdún tí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ti pé ọgọ́ta ọdún ṣì máa lò láyé, kí wọ́n fi mọ iye tó yẹ kí wọ́n máa san fún wọn lóṣù tí owó kò fi ní tán lójú ayé wọn. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí wọ́n ka ọjọ́ fún òun, kó mọ̀ pé wọ́n ti ń kà á o.

Ó ju ìdajì owó náà lọ tó wà nínú ìwé gbèsè tí ìjọba àpapọ̀ ń tà. Ó ní èrè, kì í sì í sọ nù bíi ṣíà tó wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó báyìí: bí ₦100 bá di ₦115 lọ́dún kan, tí ìrẹsì tí ₦100 ń rà tẹ́lẹ̀ wá di ₦130, owó pọ̀ sí i lóòótọ́, oúnjẹ ló dín kù. Ìṣòro tó ti jẹ ẹran ara pẹ́ńṣàn ní Nàìjíríà nìyẹn láti bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, nígbà tí ọ̀wọ́n gógó ọjà kọjá ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Kì í ṣe olè ló jà, owó kò sì sọ nù, síbẹ̀ ohun tó wà nínú ìwé kò bá ti ọjà mu mọ́.

Nítorí èyí ni PenCom ṣe pín owó náà sí oríṣiríṣi láti oṣù keje 2018. Bí ẹ kò bá tíì pé 50, inú Fund II ni wọ́n fi yín sí. Bí ẹ bá ti pé 50, Fund III. Àwọn tó ti fẹ̀yìn tì wà nínú Fund IV. Fund I ni ṣíà pọ̀ sí jù, kò sì sí ẹni tí wọ́n ń fi síbẹ̀ láìjẹ́ pé ó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ọ̀dọ́ tó ṣì ní ọgbọ̀n ọdún láti fi ṣiṣẹ́ lè béèrè fún un, nítorí bí ọjà bá wọ́ lónìí, àkókò wà fún un láti tún gòkè. Fund VI tún wà láti 2021 fún àwọn tí ẹ̀sìn wọn kò gba èlé. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni kò mọ èyí tí òun wà nínú rẹ̀. Láti oṣù kọkànlá 2020 ni òfin sì ti gbà pé kí ẹni tí PFA rẹ̀ kò bá tẹ́ lọ́rùn kó lọ sí òmíràn, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

Ewu kan ṣì wà nínú ìwé gbèsè ìjọba tí a rí kedere ní Gánà. Ètò tiwọn yàtọ̀ sí tiwa. Nínú owó oṣù òṣìṣẹ́ ibẹ̀, ìdá 18.5 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń lọ, ìdá 13.5 ń lọ sọ́dọ̀ SSNIT tí ìjọba ń darí, ìdá 5 tó kù ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni. Ní oṣù Kejìlá 2022, ìjọba Gánà kéde pé agbára òun kò gbé gbèsè òun mọ́, pé kí àwọn tó ní ìwé gbèsè gba ìwé mìíràn tó máa pẹ́ jù, tí èrè rẹ̀ sì kéré. Owó pẹ́ńṣàn wà nínú rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní àwọn máa daṣẹ́ sílẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, ìjọba yọ owó pẹ́ńṣàn kúrò nínú ètò yẹn, wọ́n sì wá bá àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ dúnàádúrà lọ́tọ̀ ní 2023. Kì í ṣe ọ̀mọ̀wé kankan ló gba owó náà sílẹ̀ nígbà tó le, àwọn tó ni owó ni.

Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ àwọn tó ni owó ṣì ń retí ni. Ìpínlẹ̀ Èkó tètè bẹ̀rẹ̀ ètò yìí, ṣùgbọ́n àwọn ìpínlẹ̀ kan ṣe òfin láì fi owó sí i. Ìjọba àpapọ̀ pàápàá jẹ gbèsè débi pé ní oṣù kejì 2025, ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà fọwọ́ sí i pé kí wọ́n yá ₦758 bílíọ̀nù láti fi san án. Ní oṣù keje ọdún yẹn, àwọn ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì jáde sí ìgboro Àbújá nínú òjò, wọ́n ní kí wọ́n yọ àwọn kúrò nínú ètò náà bí wọ́n ṣe yọ àwọn sójà. A kò lè bá wọn jiyàn.

Níbi tí ó ti kan ìdílé gbọ̀ngbọ̀n ni ọjọ́ tí wọ́n bá ní kí òṣìṣẹ́ yan bí yóò ṣe máa gba owó. Ọ̀nà méjì ló wà. Ó lè fi owó sílẹ̀ lọ́dọ̀ PFA, kí wọ́n máa yọ ọ́ fún un díẹ̀díẹ̀. Bó bá kú, ohun tó kù jẹ́ ti àwọn ajogún rẹ̀. Ó sì lè kó o fún ilé-iṣẹ́ ìdójútòfò, kí wọ́n máa san iye kan fún un títí tí yóò fi kú, bó tilẹ̀ lo ogójì ọdún sí i. Bó bá kú kí ọdún mẹ́wàá tó pé, wọ́n á san èyí tó kù nínú ọdún mẹ́wàá náà fún ìdílé rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, kò sí nǹkan kan fún ìdílé mọ́. Ẹni tí ìran rẹ̀ máa ń dàgbà darúgbó, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti dúró lẹ́sẹ̀ wọn, ọ̀nà kejì lè dára fún un. Ẹni tí àìsàn ń ṣe, tó ṣì ní ọmọ níléèwé, kó ro ti àkọ́kọ́ dáadáa. Ohun tó ń dùn wá ni pé èdè Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn agbẹjọ́rò pàápàá ń tún kà lẹ́ẹ̀mejì ni wọ́n fi kọ ìwé tí wọ́n ń ní kí àgbàlagbà buwọ́ lù. Bí ilé-iṣẹ́ bá lè fi Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò polówó ọjà lórí rédíò, ó yẹ kó lè fi wọ́n ṣàlàyé ohun tí oníbàárà ń buwọ́ lù. Títí tí wọ́n yóò fi ṣe é, kí bàbá má dá lọ. Kí ọmọ kan tẹ̀ lé e.

Ìyá tó ń ta aṣọ àti bàbá tó ń ṣe mẹkáníìkì ńkọ́? Láti oṣù kẹta 2019 ni ètò ti wà fún wọn náà. Iye tí ọwọ́ wọn bá ká ni wọ́n lè máa fi síbẹ̀, wọ́n sì lè fọwọ́ kan ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún bí ọ̀ràn pàjáwìrì bá dé. Ìdá 60 tó kù di ọjọ́ alẹ́. Àwọn tó ti wọ inú rẹ̀ kéré gan-an sí iye àwọn tó ń ṣòwò. Ọ̀pọ̀ wọn ṣì fọkàn tán alájọ tó ń kan ilẹ̀kùn wọn ju ilé-iṣẹ́ tí wọn kò tíì rí ènìyàn rẹ̀ rí. Ẹ̀bi náà kì í ṣe tiwọn nìkan.

Ó ku ohun tí a ní a óò padà sí. Agbanisíṣẹ́ kan lè yọ owó yín lóṣooṣù kó má fi ránṣẹ́. Ìwé owó oṣù yóò sọ pé wọ́n yọ ọ́, àkáǹtì pẹ́ńṣàn kò ní sọ nǹkan kan. Nítorí náà, ẹ máa fi ìwé owó oṣù wé ìwé tí PFA ń fi ránṣẹ́ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Bí wọn kò bá bára mu, ẹ kọ̀wé sí PFA, ẹ sì kọ̀wé sí PenCom. Wọ́n ní ọ́fíìsì ní Ìlọrin àti Èkó, yàtọ̀ sí olú ilé-iṣẹ́ wọn ní Àbújá.

Kí tọkọtaya sì jókòó ti ara wọn lálẹ́ ọjọ́ kan. Nọ́ńbà àkáǹtì pẹ́ńṣàn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PEN, orúkọ PFA, àti orúkọ ẹni tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé kó jẹ́ àrólé: kí ẹnì kejì mọ̀ ọ́n, kí wọ́n sì kọ ọ́ síbi tí ọmọ àgbà lè rí i. Ẹ wò ó dáadáa bóyá orúkọ àrólé yẹn kì í ṣe ti àbúrò tí ẹ kọ sílẹ̀ nígbà tí ẹ kò tíì ṣègbéyàwó. Òfin tún pa á láṣẹ fún agbanisíṣẹ́ kó ra ìdójútòfò ẹ̀mí fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, iye rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín sí ìlọ́po mẹ́ta owó ọdún kan. Ìdílé tó pàdánù òṣìṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ lè béèrè fún owó yẹn lọ́tọ̀, yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú àkáǹtì.