Agolo onígáàsì tí a fi ń wọn ìtànṣán rédíọ́mù-226
Irú èyí tí wọ́n lò ní PTB, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìwọ̀n, ní Braunschweig, Jámánì

Ó máa ń tó nǹkan bí 1,600 ọdún kí ìdajì rédíọ́mù-226 tó jẹrà. Nítorí náà, ó yẹ kí iye tí agolo yìí ń kà máa rọra wálẹ̀ ni. Àmọ́ lọ́dọọdún ló ń lọ sókè sódò, ní nǹkan bí 0.15%. Jere Jenkins àti Ephraim Fischbach ti Yunifásítì Purdue, ní Amẹ́ríkà, dábàá pé ọwọ́ oòrùn ló wà níbẹ̀, torí pé ayé máa ń sún mọ́ ọn jù ní oṣù January. Àbá ńlá gbáà ni!

Àmọ́ ẹ wo okùn ara agolo náà: iná tó ń gbà á kọjá kéré débi pé ooru àti ọ̀rinrin inú yàrá lè da kíkà rú. Ní 2014, PTB kan náà fi ọ̀nà mìíràn wọn kúlórínì-36, tí òun náà máa ń jẹrà. Wọn ò rí ìyípadà kankan tó ń tẹ̀lé oòrùn.