Kí Ló Dé Tí Ìṣápá Kì Í Fẹ́ Yọ Òdòdó ní Lọ́ńdọ́nù?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílùú òyìnbó, tẹ́ ẹ sì ti gbin ìṣápá rí, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Á hù, á ga, ewé ẹ̀ á ṣù, ṣùgbọ́n ẹ lè má rí òdòdó kan ṣoṣo títí òtútù á fi dé pa á. Àwọn kan á ní oòrùn ibẹ̀ ni ò tó. Rárá o. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ojúmọmọ ibẹ̀ ló gùn jù fún un.

Nílé, ìgbà òjò la máa ń gbin ìṣápá. Tó bá fi máa di ìparí ọdún, ó ti so. (Ohun tá a ń sè fún sóbò, tàbí tá a fi ń se ọbẹ̀ jẹ iyán, kì í ṣe òdòdó gan-an, awọ tó nípọn tó yí ìdí òdòdó ká ni.) Ìṣápá wà lára àwọn ewéko tó ń wọn òru. Bí òru bá kúrú, ewé láá máa yọ ṣáá. Ìgbà tí ojúmọmọ bá wálẹ̀ sí nǹkan bíi wákàtí 12 sí 13 ló ń ronú òdòdó.

L'Ékòó, ọjọ́ tí ojúmọmọ gùn jù lọ́dún ò ju nǹkan bíi wákàtí 12 àbọ̀ lọ. Ní Lọ́ńdọ́nù lóṣù kẹfà, ó lé ní wákàtí 16 àbọ̀! Ó máa di oṣù kẹsàn-án kí òru tó gùn tó bí ìṣápá ṣe ń fẹ́ ẹ, òtútù sì ti dé ẹnu ọ̀nà.

Garner àti Allard, onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, ló gbé irú ọ̀rọ̀ yìí jáde lọ́dún 1920. Tábà kan, Maryland Mammoth, ń ga ṣáá lóko, kò yọ òdòdó. Wọ́n wá ń gbé e wọnú ahéré tó ṣókùnkùn kí ilẹ̀ tó ṣú, ó sì yọ òdòdó. Lọ́dún 1938, Hamner àti Bonner fi ewéko mìíràn hàn pé bí iná bá tàn fìrí láàárín òru gígùn, gbogbo ẹ̀ ti bàjẹ́. Èròjà kan nínú ewé, phytochrome, ló ń rí iná yẹn. Ìmọ́lẹ̀ pupa á yí i padà, òkùnkùn á sì máa dá a padà díẹ̀díẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, àǹtí mi kan ní Lọ́ńdọ́nù ti fẹ́ fa tiẹ̀ tu. Kóró mẹ́fà tí ìyá ẹ̀ fún un kó tó kú ló gbìn. Mẹ́ta ló hù. Bí wọn ò bá so, kóró ìyá ti tán nìyẹn. Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fà á."

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé páálí lo fẹ́ fi ṣoògùn fún un?"

Páálí náà ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje, a ń fi páálí ńlá bo ìkòkò kọ̀ọ̀kan ní agogo 6 ìrọ̀lẹ́, a ń ṣí i ní agogo 8 àárọ̀: òkùnkùn wákàtí 14, lójoojúmọ́, láìfo ọjọ́ kan. Ẹ má lo nọ́ńbà dúdú o, ooru inú ẹ̀ lè se ewé. Ẹ sì ṣọ́ iná òpópónà tó ń gba ojú fèrèsé wọlé. Lọ́sẹ̀ kẹfà, ọ̀kan yọ òdòdó. Méjì tó kù tẹ̀ lé e. Àǹtí ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni já ìkankan sè. Wọ́n gbẹ lórí igi, kóró wọn sì wà nínú ìgò báyìí.

Òtútù náà ń bọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tiẹ̀ yàtọ̀. Ẹ mọ bí epo pupa ṣe ń dì nígbà ọyẹ́, tí òróró ẹ̀pà ò sì dì? Ọ̀rá wà nínú awọ tó bo gbogbo ẹyọ ara ewéko, ti ewéko ilẹ̀ olóoru sì máa ń tètè le bíi ti epo pupa. Awọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í jò kí omi tó di yìnyín rárá. Torí náà, tí òru bá ti ń lọ sí 10°C, ẹ gbé e wọlé. Hibiscus tó ń tanná pupa níwájú ilé wa nílé, mọ̀lẹ́bí ìṣápá, ò ní wàhálà òru. Ooru àti ìmọ́lẹ̀ lẹgbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó o. Ìṣápá ló ń fẹ́ páálí.