Oko Orí Yanrìn

Dárúkọ oko fún ọmọ Ìsẹ́yìn tàbí Oǹdó, ilẹ̀ dúdú ló máa wá sí i lọ́kàn, ebè iṣu, abẹ́ kòkó, ahéré. Tó bá bu ilẹ̀ sọ́wọ́, á mọ̀ bóyá iṣu á ta níbẹ̀. Kí onítọ̀hún wá wọ ọkọ̀ ojú omi ní Àgbádárìgì, kó sọdá ọ̀sà sí Gberefu, kó bu ilẹ̀ ibẹ̀ wò. Yanrìn ni yóò máa jò gba àárín ìka rẹ̀ bọ́ sílẹ̀.

Ọ̀sà lẹ́yìn, òkun níwájú. Láàárín méjèèjì, àwọn Ògù, tí àwa ń pè ní Ẹ̀gùn, ń pẹja, wọ́n sì ń gbin àgbọn. Ẹ má rò pé iṣẹ́ àgbẹ̀ ṣàjèjì sí wọn. Ìtàn ìlú sọ pé oko ẹnì kan tó ń jẹ́ Agbedeh ni Àgbádárìgì fúnra rẹ̀ ti gba orúkọ.

Àgbọn ò bẹ̀rù yanrìn. Gbòǹgbò rẹ̀ ń wá omi dídùn tó sá pamọ́ sísàlẹ̀, iyọ̀ tí atẹ́gùn òkun ń fẹ́ sára ewé rẹ̀ ò sì pa á lára. Àgbọn gíga ń gbà tó ọdún 6 sí 8 kó tó so. Ẹni tó ti gbin kòkó rí mọ irú sùúrù bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n àlejò ni igi náà. Ìhà òkun Índíà ni àwọn Potogí ti gbé e wá sí etíkun tiwa, ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn. Ọkọ̀ òyìnbó gbé àgbọn wá, ọkọ̀ òyìnbó kó ènìyàn lọ. Ọ̀nà tí wọ́n ń mú ẹrú gbà lọ sétí òkun ṣì wà, kànga kan sì wà lójú ọ̀nà náà tí wọ́n ní ẹni tó bá mu nínú rẹ̀ yóò gbàgbé ilé. Èmi ò tíì gbọ́ omi tó lè mú ènìyàn gbàgbé orúkọ ìyá rẹ̀. Ìgbì kì í jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá sún mọ́lẹ̀, ọkọ̀ alájẹ̀ ló ń kó àwọn ẹrú lọ bá a lójú omi. Ìgbì etíkun yìí ni àwọn òyìnbó arìnrìn-àjò Richard Lander àti John àbúrò rẹ̀ là kọjá ní oṣù kẹta ọdún 1830, nígbà tí wọ́n ń wá ibi tí Odò Ọya ti wọ òkun. Òwò ẹrú ṣì ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà.

Bí ẹ bá lọ wo ibi ìrántí àwọn ẹrú tó wà létí òkun, ẹ máa wòkè bí ẹ ṣe ń rìn. Àgbọn kì í kílọ̀ kó tó já.